Ìyá Dípọ̀ Lọ Wo Fíìmù Wa

Ilé Jagun,
Òkè-Ọlá,
Fìdítì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1977.

Olúṣínà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àtijọ́. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Òjò ti dé sí wa níbí dáadáa. Ara bàbá rẹ le, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lọ́nà Akínmọ̀ọ́rín, a ò sì lè dá wọn dúró. Gbogbo ilé ní kí n kí ọ.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Ọ̀rọ̀ Ìyá Dípọ̀ ni.

O mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ fíìmù láti Ìbàdàn wá sọ eré wa di fíìmù ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, eré tí èmi àti ìwọ kọ lẹ́yìn ogun nípa Dípọ̀ ọ̀rẹ́ wa tí kò padà dé. Nígbà tí a ń ṣe é ní gbọ̀ngàn ìjọ Onítẹ̀bọmi, èmi ni mo máa ń ṣe Dípọ̀ tó ti ojú ogun dé bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìyá rẹ̀ á jókòó níwájú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé oúnjẹ fún mi tí a bá ṣe tán. Wọ́n mọ̀ pé Àbọ̀dé ni mí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn ní mo ti sanra jù fún ṣọ́jà tí ebi pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tiwọn kan, Olúbọ̀dé, ni wọ́n fún ní ipò náà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ya ibi tí Dípọ̀ ti ojú ogun dé, mi ò sí níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi í hàn ní Ìlọrà, lára aṣọ funfun nínú ọgbà ilé ìwé. Èmi ni mo mú Màmá lọ. Bí Olúbọ̀dé ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì tó ṣí fìlà, àyà mi já. Èjí rẹ̀, ọrùn gígùn yẹn, Dípọ̀ gan-an ni. Màmá dìde, wọ́n rìn títí dé ìdí aṣọ náà, wọ́n ń fọwọ́ pa á, àwòrán sì ń hàn lára ìró wọn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

"Àbọ̀dé," wọ́n ní, "ìwọ àti Ṣínà ti rí i, ẹ ò sì sọ fún mi."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbá yàrá Dípọ̀, tí wọ́n ń dá oúnjẹ rẹ̀ sí. Pásítọ̀ sọ títí pé òṣèré lásán ni, kò wọ̀ wọ́n létí. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n dúró lójú títì, tí wọ́n ń bẹ àwọn onímọ́tò kí wọ́n gbé àwọn dé Ìbàdàn, mo wá Olúbọ̀dé lọ sí Ìbàdàn pé kó wá rí wọn. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, a sì jọ dé lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá wò ó pẹ́. Wọ́n bi í pé, "Kí ni ìyá rẹ ń jẹ́?"

"Mosúnmọ́lá ni, mà. Mọ́kọ́lá ni wọ́n ń gbé."

"Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

"Ọdún Àjíǹde, mà."

Màmá wọlé, wọ́n di iṣu wá fún un. "Má sùn níbí. Lọ kí ìyá rẹ lónìí."

Nígbà tí mo sìn ín dé ìdíkọ̀ tí mo padà, Màmá ń sunkún. Láti ọjọ́ tí Dípọ̀ ti wọṣẹ́ ṣọ́jà, mi ò rí omijé wọn rí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò sí mọ́. Ìyá kì í sin ọmọ. Ìwọ àti Ṣínà ni kẹ́ ẹ bá mi sin ín."

Pásítọ̀ ti fi ìsìn ìrántí Dípọ̀ sí ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Keje, ó sì fẹ́ kí ọ̀kan nínú wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣínà, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Màmá ti gbà pé ó kú. Èmi ni ọkàn mi ò tíì gbà. Jọ̀wọ́ gba ààyè níbi iṣẹ́, kí o wọ rélùwéè wálé. Má jẹ́ kí n dá dúró.

Bá mi kí Dorothy ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,

Àbọ̀dé.