Apá Òsì Tó Dákẹ́

Àdúgbò Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 1996.

Mojíre ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ooru Makurdi kò yọ ọ́ lẹ́nu jù, ṣé àwọn ọmọ iléèwé tí ìjọba ní kí o máa kọ́ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Àlàáfíà ni èmi àti bàbá yín wà. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé wa sì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé tí mo fẹ́ kí o gbọ́ láti ẹnu mi. Orí sítẹ́rìó ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ Yunifásítì kan tó ń kó lọ sí òkè òkun ló ń ta ẹrù ilé rẹ̀, ni bàbá yín bá gbé àlòkù sítẹ́rìó àtijọ́ kan wálé, tòun ti sípíkà rẹ̀ méjèèjì. Pákó dídán ni wọ́n fi bò ó lára, ó wúwo bí odó, bí a bá sì tàn án, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ róró. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa sílẹ̀, kí àwọn lè mọ ibi tí orin ti ń wọ́.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé inú àwọn obìnrin akọrin kò dùn sí bàbá yín, ọ̀gá wọn, láti èṣí. Gbogbo ìgbà ni bàbá yín ń pariwo mọ́ àwọn áátò, àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, pé wọn kò gbé ohùn sókè. “Ṣé ẹ ò jẹun kúrò nílé ni?” Níṣojú ìjọ ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Àǹtí Àyọ̀kẹ́ ará Ìrémọ, tí wọ́n ti ń kọ áátò kí n tó bí ọ, dìde lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ọ̀fun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn.” Wọn kò padà wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Kò pẹ́ tí a tan sítẹ́rìó náà ni mo ṣàkíyèsí pé sípíkà ọ̀tún nìkan ló ń kọrin. T’òsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fi etí kàn án, kò mí rárá. O mọ ìwà mi: bí nǹkan bá dákẹ́, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Mo ránṣẹ́ pe Àjàgbé tó ń tún rédíò ṣe ní Lágéré.

Ọ̀sán Sátidé ló wá. Mo pa ẹ̀wà tí mo ń ṣà tì, mo fa àpótí sún mọ́ ọn. Ó tú wáyà sípíkà méjèèjì, ó fi t’òsì sójú ọ̀tún, ó fi t’ọ̀tún sójú òsì. Èyí tó ti yadi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, èyí tó ń kọrin sì yadi! “Mọ́mì, ẹ rí i pé sípíkà ò ṣe nǹkan kan? Inú ẹ̀rọ gan-an lọ̀rọ̀ wà.” Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tó ṣí i, eruku, òkú aáyán àti ọmọńlé kan tó ti gbẹ bí panla la bá níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí agolo kékeré kan, Àjàgbé lọgun pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Lóòótọ́ la ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, àmọ́ iná ṣì ń sùn nínú ìwọ̀nyẹn.” Mo bi í léèrè ibi tí iná ń sùn sí àti ohun tó ń jí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè mi pọ̀ ju ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípírítì nu gbogbo ibi tí a ti ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò. Pàbó. Ó wá tún un tàn, ó ń fi igi tín-ín-rín gún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi bí òsì ṣe ké lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún dákẹ́. Ibi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́, lẹ wáyà kan mọ́lẹ̀ ló sán, ojú sísán náà tín-ín-rín bí irun orí. Ó pa iná, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i.

Mojíre, sípíkà méjèèjì sọ̀rọ̀! Ohùn Àǹtí Àyọ̀kẹ́ àti àwọn áátò jáde láti apá òsì, ó kún pálọ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Bàbá yín tó jókòó síwájú rẹ̀ mi orí. “Kò tíì ṣe é. Apá ọ̀tún nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.” Àjàgbé gbé ọwọ́ lé sípíkà òsì, aṣọ ojú rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Bí Àjàgbé ṣe fi wáyà òsì sójú ọ̀tún ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Bàbá Mojíre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àga yín, kí ẹ kẹ̀yìn sí sítẹ́rìó.” Wọ́n yí i. “Èwo lẹ ń gbọ́ jù báyìí?” Wọ́n tẹ́ etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Àwọn áátò. Áà, Tinúadé, àwọn áátò ni.” Wọ́n gbé ọwọ́ sí etí òsì, wọn kò gbé e kúrò. Apá òsì wọn ni àwọn obìnrin náà máa ń dúró sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tí etí òsì ti kú, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ọ̀tún. Nínú takisí tó gbé wa bọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá yín sọ: “Àwọn obìnrin yẹn ń kọrin o, Tinúadé. Wọ́n ń kọ ọ́ dáadáa.”

A kò dé ilé. Ìrémọ ni wọ́n ní kí takisí máa lọ. Wọn kò jókòó nílé Àǹtí Àyọ̀kẹ́. Orí ìdúró ni wọ́n ti rò ó, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Àǹtí pariwo pé kí wọ́n dìde. “Ṣé etí ni? Èmi rò pé ẹ kórìíra mi ni.” Àǹtí sunkún, wọ́n sì bu omi fún wa mu. Àmọ́ wọn kò sọ pé àwọn á padà wá.

Nígbà ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, bàbá yín sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn akọrin. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Àǹtí Àyọ̀kẹ́ wọlé tàwọn tìwé orin. Wọn kò lọ sí àyè wọn àtijọ́. Apá ọ̀tún bàbá yín ni wọ́n gbà, wọ́n wí fún àwọn ọkùnrin tẹ́nọ̀ pé, “Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀hún.” Gbogbo áátò tẹ̀ lé wọn. Bàbá yín gbé ọwọ́ sókè, orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn áátò gbà á, ọwọ́ bàbá yín dúró sókè, wọn kò rántí fi darí orin mọ́. Orin náà kò dúró dè wọ́n. Àwọn akọrin kọ ọ́ débi tó parí sí.

Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. O kò ní sin ìlú yìí lásán. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, ayọ̀ la ó fi pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Tinúadé.

Mo tún rántí: Bí o bá dé, tí o kúnlẹ̀ kí bàbá yín tí wọn kò dáhùn, má bínú, má sì pariwo. Rọra bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, kí o tún wọn kí.