Rọ́bà Búrẹ́kì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Láwàlì,

Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Gbogbo ilé ní Kemta ń kí yín. Màmá ti ń jẹun dáadáa, ọwọ́ wọn tó kán ló kù.

Ẹ̀gbọ́n, wọn kò yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ bí wọ́n ti sọ fún yín. Àṣírí mi ni wọ́n ń bò. Rọ́bà búrẹ́kì iwájú ọ̀kadà tí ẹ fi ránṣẹ́, pẹtiróòlù ni mo fi fọ̀ ọ́ kí n tó tò ó, bí mo ti máa ń fọ irin. Ẹ sì ti kìlọ̀ pé pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà. Rọ́bà wú, ó há sínú búrẹ́kì. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Owódé, mo tẹ búrẹ́kì títí, kò mú. Màmá já bọ́ lẹ́yìn mi.

Ẹ forí jì mí. Ọlọ́hun á mú yín délé láyọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣì jẹ́ balùwẹ̀.

Àbúrò yín,
Síkírù