Áàpù Tó Yí Ohùn Màámi Padà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Olodi-Apapa

Áàpù AI méjì ni mo ń dán wò láti bá mi tún ìwé àròsọ tí mò ń kọ nípa Màámi, tó ti di olóògbé, ṣe. Èkíní tún orí kẹta kọ kíákíá, ó sì dùn-ún kà. Mo kà á sétí Bàámi.

Wọ́n ní, "Ta ni obìnrin yìí?"

"Màámi ni, sà."

"Ìyá ẹ kọ́. Ìyá ẹ kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

Òótọ́ ni. Áàpù náà ti yọ gbogbo "abeg" tí Màámi fi ń tajà ní ọjà Boundary kúrò lẹ́nu wọn.

Áàpù kejì kì í báni tún un kọ. Ìbéèrè ló máa ń béèrè. Òun ni mo mú.

Ó bi mí pé kí ni Màámi sọ kẹ́yìn ní ọsibítù. Mo pa fóònù, mo lọ jókòó ti Bàámi, mo ní kí wọ́n sọ fún mi.