Irun Mi Tó Padà Dúdú

Àkọ́bí mi, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ? Àwa náà wà, a ń jẹ, a ń mu, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, torí fóònù tí o rà fún mi sọ pé inú òun ti kún, mo sì mọ̀ pé ẹni tí inú rẹ̀ bá kún, ìsinmi ló ń fẹ́. Mo ti tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí.

Fìlà dúdú tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, o ò ní ṣe é tì. Kò kúrò lórí mi láti ọjọ́ náà, mo ń fi sùn, mo ń fi gé pákó ní ṣọ́ọ̀bù, òógùn rẹpẹtẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ju ti fìlà lọ. Jókòó kí o tó kà á. Irun mi padà dúdú! Mo ṣí fìlà láàárọ̀ kí n bọ́jú, mo wo inú omi báàfù, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan. Mo ti kí i káàárọ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, mo bi í bóyá ewú lè padà dúdú fúnra rẹ̀. Ó ní ewú tó bá ti hù, ó ti hù náà nìyẹn, àfi pé nígbà míì, bí ìdààmú bá kúrò lọ́kàn èèyàn, ẹyọ kan tàbí méjì lè tún máa hù dúdú láti ìdí. Mo ní ṣé ẹ rí i, ìgbà tí ọmọ mi ríṣẹ́ ni ìdààmú tèmi lọ, ìdààmú náà sì pọ̀, ló ṣe kárí gbogbo orí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló ráyè? Ọ̀dọ́ kì í jókòó pẹ́ nílé ìwòsàn.

Mo wá sọ fún ìyá rẹ, ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́ o, pé bí a bá jọ ń jáde, kí ó máa rìn sẹ́yìn díẹ̀, káwọn èèyàn má baà rò pé òun ló bí mi. Ó ká ẹní rẹ̀, ó kó o lọ sí yàrá tí ìwọ ń sùn tẹ́lẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ tó gbé fún mi lọ́jọ́ náà, omi gbígbóná ni, iyọ̀ gan-an ò dá sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo gba báǹkì lọ, torí fọ́tò mi tó wà lọ́wọ́ wọn ti di ti arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí. Mo ní kí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bá mi yọ díẹ̀ kúrò nínú ọjọ́ orí mi, kó lè bá irun mi mu. Ó ní kọ̀ǹpútà ò ní gbà. Mo ní kí ni apárí bíi kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa irun? Ó ní kí bàbá máa lọ sílé lọ sinmi. Bàbá! Pẹ̀lú irun yìí!

Ìbínú yẹn ni mo gbé jáde sínú òjò. Kí n tó dé ibùdókọ̀, omi dúdú ti ń ṣàn wọ̀ mí lójú, ó ń ṣàn wọ̀ mí lọ́rùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi di ti ẹlẹ́dùú. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀, awakọ̀ pariwo pé bàbá yìí ti ń yọ́ o! Gbogbo èrò sá síwájú, ìjókòó ẹ̀yìn di tèmi nìkan.

Ìyá rẹ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo fìlà tí aró rẹ̀ ń kán sílẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó mú mi jókòó sórí àpótí, ó fọṣẹ fọ orí mi, omi dúdú ń lọ, ewú ń dé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n panu mọ́ kí ọṣẹ má baà kó sí i. Ó kù díẹ̀ kó parí ló kígbe pé òun rí ẹyọ kan ní ìpàkọ́ mi, dúdú minimini, òun fọ ọ́, fọ ọ́, kò ṣí. Ó ti ká ẹní rẹ̀ padà wá.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ṣẹ́ẹ̀tì míì. Mo fẹ́ ní kí o fi owó dígí kún un, kí n lè fojú ara mi rí ẹyọ irun yẹn, àmọ́ mo tún un rò. Má fi kún un. Ìyá rẹ ní ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Wàá hewú, ọmọ mi. Wàá sì rí ẹni tí yóò máa bá ọ fọ orí.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.