Aṣọ Funfun Tí Màmá Ń Dúró Dè

Àǹtí mi Eufrosina,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní Tijuana. Ẹsẹ̀ Bàbá tó wú ti ń sàn, àgbàdo wa sì yọ dáadáa. Ẹ bá mi tún èdè wa ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í kọ. Ọdún mẹ́fà nílé ìwé òkèèrè ló gbà á lẹ́nu mi.

Àǹtí, inú ń bí mi! Mo ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oaxaca, mo sì ti rí yàrá síbẹ̀. Màmá ní, "Ọmọbìnrin kì í kúrò nílé yìí láìwọ aṣọ ìyàwó funfun." Nígbà tí Nabor ẹ̀gbọ́n mi ń lọ láìníyàwó, ṣebí ewúrẹ́ ni wọ́n pa fún un!

Mo ní, "Màmá, aṣọ nọ́ọ̀sì náà kúkú funfun."

Ó ní, "Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, Remedios. Bí àbúrò mi ṣe ṣe nìyẹn kó tó gba ojú fèrèsé sá lọ."

Ẹ̀yin ni àbúrò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ tí Màmá fi tún gbà láti máa bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa wọṣẹ́, mo sì máa lọ. Àmọ́ mi ò fẹ́ gba ojú fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo fẹ́ gbà, kí Màmá dúró níbẹ̀, kó súre fún mi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa.

Ọmọ yín,
Remedios