Aṣọ Funfun Tí Mo Dá Padà

Ìyá mi, Nùrẹ́nì yín ló ń kí yín láti Niamey. Ara mi le. Ìlú tòrò lábẹ́ àwọn sójà, owó yuréníọ̀mù ti wọ̀lú, aṣọ sì ń tà ní ọjà Wadata.

Búzù tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀kan nínú ìran tí wọ́n ń kà sí ẹrú níbí, tí ọ̀dá lé wá láti aṣálẹ̀, kú lánàá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo máa ń kí i. Àwọn ará ọjà fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi dẹ́kun. Mo nawọ́ mú aṣọ funfun tí à ń tà fún òkú. Ọ̀gá mi, Alájà Mùínàt, ní, "Nítorí Búzù?" Mo dá a padà. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi di ọjà wá la fi wé e. Mo jẹun ọ̀sán dáadáa.

Ẹ bá mi kí Kúbúrátù àtàwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa ewúrẹ́ mi o.