Ẹni Tó Ń Bá Mi Kí Bàbá Ajíbọ́lá

                                                  Jakande Estate,
                                                  Ìsọlọ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìsíátù ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú òjò. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Ìsẹ́yìn? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Alameen tí ẹ ní ikọ́ kò jẹ́ kó sùn? Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ̀ ti yá. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Màmá ń kí yín. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń lọ sí ìsọ̀ bàtà wọn ní Òṣòdì lójoojúmọ́, wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé kí àwọn sinmi.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè. Yàrá kan náà ni èmi àti Màmá jọ ń gbé, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, ọwọ́ mi á kàn dúró ni. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀bùn àwọn tó ti jáde ní yunifásítì wa ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. Nígbà tí wọ́n mú mi, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ béèrè bóyá àwọn lè máa fi orúkọ àti àwòrán mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni? Káàdì ọdún tuntun ni ọkàn mi lọ sí. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ni wọ́n fẹ́ kó máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp bí ẹni pé èmi ni.

Lóṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní Bàbá Ajíbọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ náà, ẹnjinníà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ire-Akari, fẹ́ rí mi. Bàbá yìí ló ń gbèrò láti kọ́ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tuntun fún wa. Ọ̀gá wá fi ohun tí ẹ̀rọ ti ń kọ sí Bàbá lórúkọ mi hàn mí. Ẹnu yà mí. Láràárọ̀ ni! “Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi. Òjò àná pọ̀ o, ṣé kò wọlé bá yín?” Nígbà tí Bàbá sọ pé orúnkún ń dun àwọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ẹ̀rọ ti ń béèrè bóyá ó ti fúyẹ́.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n sà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Fawziyyah, má da ara ẹ láàmú jàre. Ṣáà lọ, kúnlẹ̀ dáadáa, rẹ́rìn-ín, mu ohun tí wọ́n bá gbé fún ẹ. Àbí o fẹ́ lọ sọ fún bàbá arúgbó pé ẹ̀rọ ló ń kí wọn? Tí wọ́n bá bínú, kì í ṣe ìwọ nìkan lo máa fi ilé-ìwé sílẹ̀ o.”

Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ náà tán, ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọmọ inú fóònù yẹn gbẹ̀kọ́ jù mí lọ. Màmá tí a jọ ń sùn, ìgbà wo ni mo béèrè nípa ẹsẹ̀ wọn gbẹ̀yìn?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ire-Akari. Mo ti pinnu pé bí mo bá débẹ̀, òótọ́ ni n ó sọ. Àṣé ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ti ń dúró dè mí, àwọn àti aládùúgbò wọn kan.

“Ẹ wá wò ó o! Ọmọ mi rèé! Ẹni tó ń jí mi láràárọ̀!”

Aládùúgbò náà ní, “Háà! A mà ti rò pé ẹ ń fi wá ṣeré ni. Àwọn tí mo bí nínú ara mi, wọn kì í kí mi, àfi tí wọ́n bá fẹ́ gba dátà.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Ibẹ̀ ni n kò ti lè sọ òótọ́ mọ́.

Nínú pálọ̀, Bàbá gbé ọsàn síwájú mi, mo ní kí n bá wọn bó o. Wọ́n ń bi mí léèrè ìdánwò kan tí ẹ̀rọ ti sọ fún wọn, tí n kò sì ṣe rí, mo sì ń dáhùn pé ó lọ dáadáa. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọsàn wà lọ́wọ́ òsì, nígbà tí fóònù wọn dún. Wọ́n gbé e, wọ́n kà á sókè: “Bàbá mi, ẹ kò dá mi lóhùn láàárọ̀ yìí, ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kò sí o? Èmi ni, Fawziyyah.”

Wọ́n wo fóònù. Wọ́n wo ọwọ́ mi.

“Fawziyyah, ta ni ń kí mi?”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, “Láti ìbẹ̀rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. “Orúnkún mi náà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n wá ní òjò ti ń ṣú, kí n tètè máa lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi nílé-ìwé, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ lé mi ni. Màmá sì ti sọ fún gbogbo obìnrin ilé wa pé ọ̀fẹ́ ni ọmọ àwọn ń kàwé. Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n? Mo pe Bàbá láti tọrọ àforíjì, wọn kò gbé e. Mo fi nọ́ńbà tèmi gan-an kí wọn lórí WhatsApp, wọ́n kà á, wọn kò fèsì.

Àná ni Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa wá pàdé mi tẹ̀rín-tọ̀yàyà. “Ọmọ dáadáa! Mo mọ̀ pé o máa ṣe é!” Wọ́n na fóònù sí mi. Ẹ̀rọ ti kí Bàbá láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Bàbá sì ti dá a lóhùn: “Mo jí dáadáa, ọmọ mi. Ó ti ń fúyẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń dá lóhùn. Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn, wọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá ní kí ọ́fíìsì dá ẹ̀rọ náà dúró, mo ti gba ìkíni lọ́wọ́ arúgbó, mo sì lè ba ẹ̀kọ́ àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ mi yóò máa jí lójoojúmọ́ láti lọ purọ́. N kò mọ ọ̀nà tí n ó gbà jáde.

Ọmọdé kì í dá nìkan lọ bẹ àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ wá rajà ní Òṣòdì lóṣù tó ń bọ̀, ẹ bá mi dé Ire-Akari. Kì í ṣe nítorí owó ilé-ìwé. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n kí wọn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì dá mi lóhùn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì bá mi gbá Alameen mọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o.

Èmi fúnra mi ni, àbúrò yín,
Fawziyyah.